Bí Ẹ Ṣe Lè Múra BMW Àtijọ́ Sílẹ̀ fún Eré Kọ́ọ̀nù ní Abẹ́òkúta

Ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi mí ṣáá, ìbáà jẹ́ ní ìdí mẹkáníìkì ní Asẹ́rò tàbí níbi tí wọ́n ti ń fọ ọkọ̀ ní Pánsẹ́kẹ́: "Bọ̀ọ̀dá, ṣé E46 mi yìí lè ṣe eré kọ́ọ̀nù?" Ó lè ṣe é, bí kò bá ti ń gbóná jù, bí bíréèkì rẹ̀ bá pé mẹ́rin, tí táyà rẹ̀ kò sì tíì di òkúta. Ìdáhùn yìí kì í dùn mọ́ wọn. Irú sàlẹ́ńsà tó ń ké bí kìnnìún ni wọ́n fẹ́ kí n sọ fún wọn.

Eré kọ́ọ̀nù ni èmi ń pe ohun tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní autocross. Wọ́n á to kọ́ọ̀nù, ike olórí ṣóńṣó tí wọ́n ń gbé sójú títì, sí orí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ọkọ̀ kan ṣoṣo á wọlé, aago á máa ka ìṣẹ́jú-àáyá, ọkọ̀ náà á jáde kí òmíràn tó wọlé. Ẹ kò lé ẹnikẹ́ni, ẹnikẹ́ni kò sì lé yín. Gíà kejì ni ẹ ó lò fún èyí tó pọ̀ jù, eré kan kì í sì sábà ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Orí BMW E46, irú 3 Series tó jáde ní 1998, ni mo gbé ìtọ́sọ́nà yìí lé, nítorí òun ló pọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń bi mí. Bó bá jẹ́ Honda Accord, Mercedes C-Class tàbí Lexus IS lẹ ní, ẹ máa ka á lọ. Níbi tí tiyín bá ti yàtọ̀, màá sọ.

## Ibi tí ẹ ó ti sá a ló ṣáájú

Mo mọ ẹni tó náwó tán sórí ọkọ̀ kó tó rántí pé kò síbi tó máa sá a. Ìlú abẹ́ àpáta ni tiwa, ibi tó fẹ̀ tó sì tẹ́jú kò pọ̀. Ojú pópó kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí rárá: kì í ṣe Presidential Boulevard lóru, kì í ṣe ọ̀nà Kóbapé ní àárọ̀ kùtù. Bí TRACE, àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ìpínlẹ̀ Ògùn, kò bá mú yín, ọlọ́kadà tí kò tan iná lè mú ẹ̀mí ara rẹ̀ wá bá yín.

Ẹ wá ọgbà tí wọ́n da kọnkéré tàbí ọ̀dà sí: ibi ìgbọ́kọ̀sí gbọ̀ngàn àríyá, ọgbà ilé-ìwé nígbà ìsinmi, ọgbà ilé ìkẹ́rù. Ẹ gbàgbé Sátidé, nítorí òwàǹbẹ̀ ti gba gbogbo gbọ̀ngàn. Àárọ̀ Sunday ló dára jù.

Kí ẹ tó gbà pé ibẹ̀ dára, ẹ wò ó bóyá:

- ẹni tó ni ilẹ̀ ti fọwọ́ sí ìwé. Ẹ má ṣe gba ti "mo ti bá gétímàn sọ̀rọ̀".
- òpó, gọ́tà, ògiri tàbí igi kankan kò sún mọ́ ipa ọkọ̀ ju mítà 8 lọ. Ní ìta kọ́nà, ẹ jẹ́ kó jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ibẹ̀ ni ọkọ̀ tó bá yọ̀ ń kọrí sí.
- ilẹ̀ kò dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Kọ́nà tó bá wà ní ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ló ń ya ènìyàn lẹ́nu jù.
- ẹ lè gbá a. Iyẹ̀pẹ̀ pupa wa yìí, bó bá ti tẹ́ sórí kọnkéré, bí ẹní da gàrí sílẹ̀ fún táyà ló rí.
- àwọn tó wá wòran máa wà lójú kan, lẹ́yìn okùn, kì í ṣe ní ìta kọ́nà.

Ẹ ka ìwé ìnṣọ́ránsì yín pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ wọn ló yọ ìdíje ọkọ̀ kúrò nínú ohun tí wọ́n ń san owó fún.

## Ooru ni ọ̀tá àkọ́kọ́

Ibí yìí ni màá pẹ́ sí, nítorí ibẹ̀ ni E46 ti ń kú jù.

Abẹ́rẹ́ ooru tó wà níwájú yín ń tàn yín. Wọ́n ṣe é kó máa dúró sí àárín gbùngbùn, bí ooru bá wà láti nǹkan bí 75 títí dé nǹkan bí 115 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ìgbà tí abẹ́rẹ́ yẹn bá fi máa ṣí kúrò ní àárín, tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì lè ti bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ẹ ra ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń kì bọ ihò OBD, ihò tí wọ́n fi ń yẹ kọ̀ǹpútà ọkọ̀ wò, lábẹ́ sítíárìn, tó ń fi Bluetooth bá fóònù sọ̀rọ̀. Kò wọ́n, òun ló sì máa sọ iye ooru gan-an fún yín.

1. Ẹ bi mẹkáníìkì bóyá tẹ́mósítáàtì wà nínú ẹ́ńjìnnì. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ìlú yìí ni wọ́n ti yọ ọ́ sọnù, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ pé "ilẹ̀ wa gbóná, kò wúlò". Ẹ́ńjìnnì tí kò ní in á máa tutù jù lójú ọ̀nà gbọọrọ, á máa mu epo nímukúmu, á sì máa jẹ ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Lórí E46 oní-sìlíńdà mẹ́fà, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ló ń darí tẹ́mósítáàtì náà. Bí wọ́n bá yọ ọ́, iná ẹ́ńjìnnì á tàn. Àwọn kan á wá ní kí ríwáyà lọ pa iná yẹn. Ẹ dá a padà, kó jẹ́ tuntun.

2. Ẹ yẹ gbogbo ohun oníke wò. Ike tí omi ń gbé, ọrùn rédíétọ̀, ibi tí họ́ọ̀sì ti so mọ́ ẹ́ńjìnnì: ike ni gbogbo wọn, ọjọ́ ogbó sì ti dé bá wọn. Bí ẹ bá rí ìlà funfun lára ike, tàbí tó ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ó ti fẹ́ là. Bí ẹ kò bá mọ ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ wọn kẹ́yìn, ẹ pààrọ̀ wọn pọ̀, àti wọ́tà pọ́ǹpù. Kí ẹ máa pààrọ̀ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan ló ń jẹ owó jù, nítorí èyí tó bá kù á bẹ́ lóṣù tó ń bọ̀.

3. Ẹ da omi tó yẹ sí i. Kúlánǹtì ìdajì, omi tí a sè tí a sì gba oru rẹ̀ padà di omi ìdajì, irú èyí tí wọ́n ń tà fún bátìrì. Omi kànga kò dára, oníyọ̀ ni. Píọ̀ wọ́tà pàápàá kì í ṣe irú omi tí mò ń wí.

4. Ẹ lé afẹ́fẹ́ jáde. Ẹ ṣí kọ́kọ́rọ́ sí ìpele kejì láì tan ẹ́ńjìnnì. Ẹ yí ooru inú ọkọ̀ dé òpin, kí fáànù rẹ̀ wà ní kékeré. Ẹ tú síkúrúù kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdérí omi, kí ẹ máa rọra da omi títí tí omi nìkan, láìsí ìfófó, á fi máa jáde níbẹ̀. Ẹ dí i padà. Ẹni tó bá fo èyí á ní òun ti ṣe rédíétọ̀ síbẹ̀ ọkọ̀ òun ń gbóná, á wá máa bú mẹkáníìkì.

5. Ẹ dán an wò nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ. Ẹ tan ẹ̀rọ amúlétutù, kí ẹ wọ Láfẹ́ńwá ní ìrọ̀lẹ́. Bí fóònù bá sọ pé ooru ń kọjá 110, ẹ má tíì lọ síbi kọ́ọ̀nù.

Ẹ wo ọ́ìlì sítíárìn pẹ̀lú. Kọ́nà líle léraléra máa ń jẹ́ kó gbóná kó sì tú jáde. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí ìdérí rẹ̀ kí ẹ tó fi kún un, nítorí oríṣi méjì ló wà lára àwọn E46, wọn kì í sì í bá ara wọn gbé.

Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ńkọ́? Sìlíńdà mẹ́fà ń gba lítà 6.5. Kí ó wà lókè àmì dípístíìkì, má jẹ́ kó kọjá rẹ̀. Nínú kọ́nà gígùn, ọ́ìlì máa ń sá sí ẹ̀gbẹ́ kan, bí kò bá sì pọ̀ tó, ẹ́ńjìnnì á fa afẹ́fẹ́.

## Bíréèkì tó pé mẹ́rin

Kí ló dé tí mo ní "pé mẹ́rin"? Nítorí pé bí ẹ̀rọ bíréèkì ẹsẹ̀ kan bá ń jò, ohun tí àwọn kan ń ṣe ni kí wọ́n lu páìpù rẹ̀ pa, kí ọkọ̀ máa fi ẹsẹ̀ mẹ́ta dúró. Ẹni tó ra ọkọ̀ lẹ́yìn náà kò ní mọ̀. Ó lè wà á fún ọdún méjì láàrin Òkè-Ìléwó àti Kútọ̀ láìmọ̀, àfi ọjọ́ tó bá tẹ bíréèkì gan-an tí ọkọ̀ sì yí padà lójijì.

1. Ẹ gbé ọkọ̀ sókè, kí ẹ fi ìjókòó irin gbé e dúró. Ẹ má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé jáàkì nìkan.
2. Ẹnì kan á tẹ bíréèkì, ẹ̀yin á máa fi ọwọ́ yí táyà wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ́dọ̀ dì. Bí ó bá fi ẹsẹ̀ sílẹ̀, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ́dọ̀ yí.
3. Ẹ tẹ̀lé páìpù kọ̀ọ̀kan dé ìdí. Ibi tí ẹ bá ti rí páìpù tí wọ́n pa pẹlẹbẹ tàbí tí wọ́n fi bóòtù dí, iṣẹ́ dúró níbẹ̀ títí ẹ ó fi tún un ṣe.
4. Ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì bíréèkì sí DOT 4 tuntun, láti inú ike tí ẹ ṣí fúnra yín. DOT 4 tuntun kì í hó kó tó kọjá 230 lórí òṣùwọ̀n Celsius, DOT 3 lè hó ní 205. Méjèèjì ló ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́. Ìdí nìyẹn tí ike tí wọ́n ti ṣí sílẹ̀ láti ọdún tó kọjá kò fi wúlò.
5. Ẹ lé afẹ́fẹ́ jáde láti ẹsẹ̀ tó jìnnà jù wá sí èyí tó sún mọ́: ẹ̀yìn ọ̀tún, ẹ̀yìn òsì, iwájú ọ̀tún, iwájú òsì.
6. Ẹ tẹ bíréèkì gidigidi fún ààbọ̀ ìṣẹ́jú. Bó bá ń rì lọ díẹ̀díẹ̀, ẹ máa wá ibi tó ti ń jò.

Ẹ kò nílò páàdì ìdíje. Irú rẹ̀ ń fẹ́ kó gbóná kó tó di ọkọ̀ mú, eré kọ́ọ̀nù kì í sì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Páàdì gidi tí kì í ṣe ayédèrú ti tó.

## Ẹsẹ̀ àti ìdí ọkọ̀

Àwọn bọ́ṣìn lówà áàmù iwájú E46 máa ń gbó. Bí ẹ bá tẹ bíréèkì tí sítíárìn gbọ̀n, tàbí tí ọkọ̀ ń wá ọ̀nà ara rẹ̀ lójú títì, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Bọ́ṣìn tuntun lórí ṣọ́ọ̀kì tó ṣì lágbára á yára ju sípíríǹgì tí wọ́n gé lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gé sípíríǹgì! Ó ń jẹ́ kí ọkọ̀ fò nínú kọ́nà, ó sì ń pa ṣọ́ọ̀kì.

Àléébù E46 tí ẹ kò gbọdọ̀ gbójú fò ni ti ìdí: ibi tí wọ́n ti de irin ńlá ẹ̀yìn mọ́ ara ọkọ̀ lè là. Ẹ gbé e sókè, ẹ nu ìdọ̀tí kúrò, ẹ tan iná sí ìdí bóòtù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí ẹ bá rí ìlà, tàbí ẹ ń gbọ́ "kọ̀ọ̀" láti ẹ̀yìn nígbà tí ẹ bá gbéra, ọkọ̀ náà kò lọ síbì kankan títí wẹ́dà tó mọṣẹ́ á fi jó o, tó sì fi páálí irin kún un. Wẹ́dà tó mọṣẹ́ ni mo wí.

Nígbà tí ẹ bá ń ṣe àlàìnmẹ́ǹtì, ẹ gba ìwé tí ẹ̀rọ tẹ̀ jáde. Ẹni tó bá ní "mo ti fi ojú wò ó" kò tíì ṣe é. Ẹ ní kí orí táyà iwájú méjèèjì dà sínú díẹ̀. Lórí ṣọ́ọ̀kì iwájú E46, pín kékeré kan wà lókè tó ń dá a dúró sí ojú kan. Bí wọ́n bá yọ ọ́, a lè ti orí ṣọ́ọ̀kì náà sínú díẹ̀ sí i. Ọ̀fẹ́ ni.

## Táyà: kí ẹ tó ra, kí ẹ tó fọn

Bí owó yín kò bá tó nǹkan méjì, táyà ni kí ẹ rà. Táyà tòkunbọ̀ ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbé fún yín, ó lè dán bí ojú ìyàwó tuntun. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, níbi tí wọ́n kọ DOT sí. Nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn níbẹ̀ ni ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe é: 2319 ni ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Táyà tó ti pé ọdún mẹ́jọ, ẹ má gbé e wá síbi kọ́ọ̀nù, bó ti wù kí eyín rẹ̀ pọ̀ tó. Rọ́bà rẹ̀ ti le. Bí nọ́ńbà náà bá ti para rẹ́ ńkọ́? Ẹ rìn lọ.

Táyà tuntun 205/55R16 tí kì í ṣe olókìkí á lu tòkunbọ̀ olókìkí tó ti gbó lójú mi. Àwọn kan á ba mi jà lórí èyí.

Ẹ ra gééjì tiyín. Gééjì fọkanáísà mẹ́ta lè fún yín ní ìdáhùn mẹ́ta. Lẹ́yìn náà:

1. Ní àárọ̀, kí táyà ṣì tutù, ẹ fi 36 psi sí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.
2. Ẹ fi ẹfun ìkọ̀wé fa ìlà láti ojú táyà dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ní ibi mẹ́ta.
3. Lẹ́yìn eré kìíní, ẹ wò ó. Bí ẹfun bá ti pa rẹ́ wọ inú ẹ̀gbẹ́, táyà ń dùbúlẹ̀: ẹ fi 2 kún un. Bí ẹfun bá ṣì wà lójú táyà níbi tó yẹ kó ti tẹ ilẹ̀, afẹ́fẹ́ ti pọ̀ jù: ẹ yọ 2.
4. Oòrùn àti eré á mú kí afẹ́fẹ́ ga sí i. Ẹ máa wọ̀n ọ́n lẹ́yìn eré kọ̀ọ̀kan, kí ẹ dá a padà sí iye tí ẹ fẹ́.

Bí ìdí BMW bá ń yọ̀ jù, ẹ yọ 2 lẹ́yìn, bí ẹfun bá gbà bẹ́ẹ̀. Tí Honda bá ni, tí táyà iwájú ń fà, imú rẹ̀ ló máa kọ̀ láti yí. Tiyín ni kí ẹ fi afẹ́fẹ́ kún ẹ̀yìn, kí ìdí rẹ̀ lè fúyẹ́, kó sì ràn yín lọ́wọ́ láti yí.

## Ohun tí owó yín kò gbọdọ̀ bá lọ

Sàlẹ́ńsà aláriwo. Rímù 19. Ìyẹ́ ẹ̀yìn. "Chip" tí ẹnì kan ní òun fẹ́ fi sí kọ̀ǹpútà. Spacer, irin tí wọ́n ń fi sáàárín rímù àti ọkọ̀, tí kò bá bóòtù gígùn rìn, èyí léwu. Ẹ kó owó yẹn sórí táyà, kí ẹ fi ìyókù ra epo láti fi ṣe ìdánrawò.

## Alẹ́ tó ṣáájú àti òwúrọ̀

Ní ọdún tí mo bẹ̀rẹ̀, igò omi kan yí láti abẹ́ ìjókòó wá sábẹ́ bíréèkì mi nínú kọ́nà kejì. Mo wó kọ́ọ̀nù mẹ́rin, mo sì dúpẹ́ pé kọ́ọ̀nù ni. Láti ìgbà náà, mo máa ń kó gbogbo nǹkan jáde nínú ọkọ̀ títí kan ìwé orin ṣọ́ọ̀ṣì ìyá mi.

- Ẹní abẹ́ ẹsẹ̀, pọ́ǹpù, jáàkì, táyà àpọ̀jù: ẹ kó wọn jáde.
- Bátìrì E46 wà nínú búùtù lápá ọ̀tún. Ẹ mì í. Bó bá mì, irin tó dè é kò dára.
- Bóòtù táyà: 120 Nm, pẹ̀lú sípánà oníwọ̀n. Bí ẹ kò bá ní in, ẹ yá a. Kí fọkanáísà gun sípánà lésẹ̀ kì í ṣe ìwọ̀n.
- Tọ́tù, èyí tí ẹ ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ láti sáré: ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ jù ú sílẹ̀, kí ó padà fúnra rẹ̀ kíákíá.
- Ẹ tẹ́ páálí sábẹ́ ẹ́ńjìnnì ní alẹ́. Àárọ̀ á sọ ohun tó ń jò.
- Epo: ìdajì táńkì. Bó bá kéré jù, kọ́nà á jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa wúkọ́.
- Hẹ́límẹ́ẹ̀tì tó ní àmì Snell, àjọ tó ń dán hẹ́límẹ́ẹ̀tì wò. Ti ọlọ́kadà, èyí tí okùn rẹ̀ kì í dì, bó wà bí kò sí.
- Bàtà tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́lẹ́. Sílípáàsì kò wọlé.
- Omi mímu, fìlà, àti ẹ̀rọ ìpaná tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá.

## Ẹ fi ẹsẹ̀ rin ipa náà

Ẹ rìn ín lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ìgbà kìíní, ẹ lè bá àwọn ọ̀rẹ́ rìn, kí ẹ máa ṣàwàdà. Ìgbà kejì, ẹ dákẹ́. Ìgbà kẹta, ẹ dá rìn, kí ẹ máa bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ dé ibi tí ojú yín máa wà nígbà tí ẹ bá jókòó sínú ọkọ̀. Kọ́ọ̀nù tí ẹ rí kedere lórí ìdúró lè fara pamọ́ pátápátá lórí ìjókòó.

Òfin tí àwa ń lò jọ ti SCCA, àjọ eré ọkọ̀ kan ní Amẹ́ríkà: kọ́ọ̀nù kan tí ẹ bá wó, ìṣẹ́jú-àáyá méjì ni wọ́n á fi kún aago yín. Wọ́n á fi ẹfun yí ìdí kọ́ọ̀nù ká. Bí ẹ bá sún un tí kò ṣubú, tí ìdí rẹ̀ sì ṣì kan ilà ẹfun, ẹ kò jẹ gbèsè. Kọ́ọ̀nù tó dùbúlẹ̀ kì í ṣe èyí tí wọ́n ti wó, ọ̀nà tí ẹ máa gbà ló ń nà sí. Bí ẹ bá fo ẹnu ọ̀nà kan, eré yẹn kò sí nínú ìwé mọ́.

Bí ẹ ti ń rìn, ẹ bi ara yín:

- Kọ́nà wo ló já sí ibi tó gùn jù? Ibẹ̀ ni kí ẹ ti jáde pẹ̀lú agbára, kódà bó bá gba kí ẹ wọ ibẹ̀ jẹ́jẹ́.
- Níbo ni mo ti máa tẹ bíréèkì? Ẹ wá àmì ilẹ̀ kan: ọ̀dà tó ya, bátánì, àbàwọ́n epo.
- Níbo ni yanrìn wà, níbo ni wọ́n ti kun ọ̀dà funfun? Táyà kì í di ọ̀dà mú.

Lẹ́yìn náà, ẹ di ojú, kí ẹ wa ipa náà lọ́kàn. Bí ẹ bá sọnù nínú ọkàn yín, ẹ padà lọ rìn ín.

## Nígbà tí ẹ bá wọlé

Ìjókòó. Ẹ sún mọ́ iwájú ju bí ẹ ti ń ṣe nígbà tí ẹ bá ń lọ Ìbàdàn. Bí ẹ bá na ọwọ́ tí ẹ̀yìn yín sì kan ìjókòó, ọrùn ọwọ́ yín gbọ́dọ̀ lè tẹ orí sítíárìn. Ẹ fa bẹ́líìtì lójijì kó dì, kí ẹ wá sún ìjókòó padà díẹ̀ kó lè há yín mọ́ra. Ọwọ́ wà ní agogo mẹ́sàn-án àti agogo mẹ́ta.

Ìbẹ̀rẹ̀. Aago kì í bẹ̀rẹ̀ títí ọkọ̀ á fi kọjá ìlà. Táyà tó ń sun èéfín níbi ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni ẹ fi ń ṣòfò. Ẹ gbéra ṣáṣá, ẹ bọ́ sí gíà kejì, kí ẹ gbàgbé gíà. Bó bá jẹ́ ọtomátíìkì, ẹ tì í sí ẹ̀gbẹ́ tí ẹ ti lè yan gíà fúnra yín, kí ẹ fi sí 2. Bí ẹ bá fi sí D, á bọ́ sí gíà kẹta láàrin kọ́nà gan-an.

Ẹ̀rọ DSC, èyí tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ yọ̀. Eré méjì àkọ́kọ́, ẹ jẹ́ kó wà ní títàn. Bó bá ń dí yín lọ́wọ́ lẹ́yìn náà, ẹ tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan kó lè kú pátápátá. Títẹ̀ fẹ́rẹ́ kò pa á tán.

Bíréèkì. Lójú ọ̀nà tààrà ni kí ẹ ti tẹ̀ ẹ́, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ gan-an, kí ẹ sì rọra yọ ẹsẹ̀ bí ẹ ti ń yí sítíárìn. Àwọn tó ń kọ́ máa ń tẹ̀ ẹ́ fẹ́rẹ́ fún ìgbà pípẹ́, wọ́n á sì tún máa tẹ̀ ẹ́ nínú kọ́nà. Táyà kò lè dúró kó tún yí tán lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹ bá fi eré tó pọ̀ jù wọ kọ́nà, imú á kọ̀ láti yí. Ẹ má yí sítíárìn sí i, ẹ dín eré kù, ẹ dúró kí imú gbọ́.

Ìrìn ejò. Níbi tí kọ́ọ̀nù bá tò tẹ̀lé ara wọn tí ẹ ń wọ́ láàrin wọn, ẹ̀yìn kọ́ọ̀nù ni kí ẹ máa rò. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í yí kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kí imú ọkọ̀ ti kọjú sí èkejì nígbà tí ẹ bá ń kọjá lára ti àkọ́kọ́. Bí ẹ bá pẹ́ ní ọ̀kan, ẹ ó pẹ́ jù ní èkejì, ẹ ó sì wó ìkẹrin. Kò sẹ́ni tí kì í rí bẹ́ẹ̀.

Ojú. Ojú lọ̀rọ̀ wà, níbí yìí gan-an. Ibi tí ojú bá wò ni ọwọ́ ń darí ọkọ̀ sí. Bí ẹ bá tẹjú mọ́ kọ́ọ̀nù tó wà níwájú bọ́ńẹ́ẹ̀tì, ẹ ó gbá a. Ẹ wo èyí tó wà níwájú rẹ̀, àti èyí tó tún tẹ̀lé e. Kí ẹ yí orí, kódà kí ẹ wò láti ojú fèrèsé ẹ̀gbẹ́ nínú kọ́nà tó yí padà. Mo máa ń sọ fún àwọn tó bá gbé mi pé kí wọ́n máa pe ohun tó ń bọ̀ jáde lẹ́nu: "bíréèkì, òsì, ejò, gbọọrọ." Ẹni tí kò bá lè pè é kò tíì rí i.

Bí ìdí bá yí wá síwájú. Ẹ tẹ bíréèkì àti kílọ́ọ̀ṣì lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ dì wọ́n mú títí ọkọ̀ á fi dúró. Ọtomátíìkì, bíréèkì nìkan. Ẹ má jà á.

Òpin. Ìlà òpin kọ́ ni ibi tí eré ti tán lójú yín. Ẹ dín eré kù pátápátá kí ẹ tó dé ibi tí ènìyàn wà. Ẹni tó ń ṣọ́ kọ́ọ̀nù bá gbé àsíá pupa, ẹ dúró lójúkannáà, kò sí "ó ku díẹ̀ kí n parí".

## Bí ẹ ṣe máa pín eré yín

Bí wọ́n bá fún yín ní eré mẹ́rin, ẹ lo kìíní láti mọ ọ̀nà nìkan. Kò gbọdọ̀ sí kọ́ọ̀nù kan tó ṣubú. Ìkejì, ẹ tètè tẹ tọ́tù lẹ́yìn kọ́nà. Ìkẹta ni kí ẹ ti pẹ́ kí ẹ tó tẹ bíréèkì. Ìkẹrin, ẹ ṣe bí ti ìkẹta láì fi ìbínú ṣe é. Ìkẹrin ló máa ń pa àwọn ọ̀dọ́ wa, wọ́n á rí i pé ẹnì kan fi ìdámẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá jù wọ́n, wọ́n á sì lọ ko kọ́ọ̀nù mẹ́ta.

Láàrin eré, ẹ ṣí bọ́ńẹ́ẹ̀tì, ẹ wo ooru lórí fóònù, ẹ wọ̀n táyà. Ẹ má fa háńdíbíréèkì sókè nígbà tí bíréèkì bá gbóná gan-an. Ẹ fi ọkọ̀ sí gíà, kí ẹ fi òkúta dí táyà. Òkúta kò wọ́n wa ní Abẹ́òkúta.

Ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n jókòó tì yín fún eré kan. Ó máa sọ ohun mẹ́ta, ẹ ó gbàgbé méjì. Èyí tó kù á dín ìṣẹ́jú-àáyá kan kù fún yín.

## Kí ẹ tó gba ọ̀nà ilé

1. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ẹ tó pa á.
2. Ẹ fi sípánà oníwọ̀n kan bóòtù táyà lẹ́ẹ̀kan sí i.
3. Ẹ dá afẹ́fẹ́ táyà padà sí iye tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn dírẹ́bà, kí ẹ tó dá táyà àpọ̀jù àti jáàkì padà sínú búùtù.
4. Ẹ ran àwọn yòókù lọ́wọ́ láti kó kọ́ọ̀nù, kí ẹ sì gbá ọgbà onílẹ̀ ju bí ẹ ti bá a lọ, bí ẹ bá fẹ́ kó gbà yín padà lóṣù tó ń bọ̀.
5. Lọ́jọ́ kejì, kí ọkọ̀ tó tan, ẹ wo omi, ẹ wo ọ́ìlì, ẹ tún wo páálí abẹ́ ẹ́ńjìnnì. Bí omi bá ti wálẹ̀ láìsí àmì ìjò kankan lórí páálí, ẹ ṣí ìdérí ọ́ìlì. Bí ẹ bá rí ohun tó dà bí ògì lábẹ́ rẹ̀, ẹ má tan ọkọ̀ náà.